Ilé Tó Bá Dàgbà Jù Ló Ń Jẹ́ Nọ́ńbà Kìíní

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ eléyìí kó tó bọ́ lẹ́nu mi: tí ẹ bá ń wá ilé wa ní Ṣómólú, ẹ má tẹ̀lé nọ́ńbà o! Tí ẹ bá tẹ̀lé nọ́ńbà, ilẹ̀ á ṣú bá yín ní Bàrígà, ẹsẹ̀ yín á sì ti wà nínú omi ọ̀sà. Ẹ kàn béèrè ilé Káfíńtà tó kun fèrèsé ní gíríìnì. Ewúrẹ́ pàápàá mọ ibẹ̀.

Nọ́ńbà kejìdínlógún ni ilé wa. Ilé tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa, nọ́ńbà kẹta ni. Èyí tó wà lọ́wọ́ òsì, nọ́ńbà ogójì. Ẹ wo iwájú, ní òdìkejì títì, lábẹ́ igi máńgòrò: nọ́ńbà kìíní nìyẹn. Tí ẹ bá wá ń wá nọ́ńbà kejì, ẹ kú iṣẹ́ o, ó wà lọ́hùn-ún lápá Fọlá Àgòró.

Mo mọ gbogbo rẹ̀ lórí bí orin. Èmi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo fi rúlà fa ìlà sí i nídìí, inú mi sì dùn bí ẹni tó bá ìjọba ṣòfin. Mi ò mọ̀ pé ọwọ́ mi kan náà yìí ló máa rán lẹ́tà tí mò ń fi gbogbo ọkàn dúró dè lọ sí ilé onílé. Ẹ jókòó dáadáa, ọ̀rọ̀ náà ń ta mí lẹ́nu.

Ṣómólú wa, kì í ṣe Èkó, kì í sì í ṣe oko. Tí ìyá mi bá fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìdúmọ̀tà, wọ́n á ní, "Mò ń lọ sí Èkó," wọ́n á wé gèlè tó le bí ẹni tó ń rìnrìn àjò. Ṣùgbọ́n tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ bá kọ̀wé sí wa, "Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ wà l'Ékòó" ni wọ́n máa ń kọ, a kì í sì í jiyàn. A máa ń gbà á bẹ́ẹ̀, a tún máa ń fi yangàn. Iná mànàmáná dé Yábàá, ó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó síbẹ̀. Omi ẹ̀rọ náà dé Onípánù, ó ní òun ń bọ̀. Àwa ń fa omi kànga, a sì ń sọ fún ara wa pé kò sí omi tó dùn tó ti kànga.

Láàárọ̀, bí mo bá ń gbálẹ̀ iwájú ilé, gbogbo àdúgbò máa ń gba iwájú mi kọjá. Àwọn obìnrin Ìlàjẹ á máa bọ̀ láti Bàrígà pẹ̀lú atẹ ẹja lórí, òórùn èéfín á ti kí wa kí àwọn fúnra wọn tó kí wa. Bíríkìlà ará Ìsẹ́yìn á ti kírun tán, á máa gbé tírówẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, Díákónì ará Ògbómọ̀ṣọ́ á sì máa kọrin ìsìn àárọ̀ lọ́wọ́ nínú ilé, a ò ní mọ èyí tó tètè jí jù nínú wọn. Lẹ́yìn náà, àwọn nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìgbóbì á kọjá. Háà, àwọn nọ́ọ̀sì wọ̀nyẹn! Aṣọ wọn funfun báláú, bẹ́líìtì wọn dè pinpin, fìlà wọn dà bí ẹyẹ lékeléke tó bà sórí. Ìgbálẹ̀ á dúró lọ́wọ́ mi. Ìyá mi á pariwo láti inú ilé pé, "Ṣé ojú lo fi ń gbálẹ̀ ni?"

Ohun tí mo fẹ́ láyé mi nìyẹn. Mo ti parí sẹ́kọ́ńdìrì, mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, àǹtí bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ sì ti ń ránṣẹ́ pé kí wọ́n fi mí ránṣẹ́ sí òun, kí n wá máa wọn aṣọ fún òun ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá mi ní tí Ìgbóbì bá gbà mí, ó dáa. Tí wọn ò bá gbà mí kí oṣù tó parí, mo máa wọ lọ́rì lọ bá àǹtí. Ṣé ẹ rí i? Ìgbóbì tàbí aṣọ wíwọ̀n, kò sí ẹ̀kẹta.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí nọ́ńbà.

Tẹ́lẹ̀, lẹ́tà tiwa kì í dé ilé. Ọ̀dọ̀ télọ̀ kan ní Onípánù ni wọ́n máa ń já gbogbo rẹ̀ sí, télọ̀ á kó o sínú agolo bísíkíìtì, ẹni tó bá ń kọjá á wá tú u yẹ̀bẹ̀yẹ̀bẹ̀. Kò sí lẹ́tà tó sọ nù rí. Àmọ́ nígbà tó yá, àwọn onílé ní àwọn ti di ará ìlú ńlá, kí ló dé tí lẹ́tà àwọn á máa sùn nínú agolo? Onílẹ́tà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ wá láti Yábàá, sọ fún wọn pé kò le: "Ẹ fún ilé yín ní nọ́ńbà, màá máa gbé lẹ́tà dé ẹnu ọ̀nà yín."

Ni wọ́n bá pe mítìnì onílé sábẹ́ igi máńgòrò ní iwájú ilé Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà ló ni ilé alámọ̀ tó wà ní òdìkejì wa, àwọn ló sì dàgbà jù nínú gbogbo onílé. Èmi ni akọ̀wé mítìnì, torí èmi nìkan ni mo ti sẹ́kọ́ńdìrì dé. Mo gbé ìwé mi sórí itan, mo ti pọ́n pẹ́ńsù.

Bàbá Onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí wọ́n ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ tí wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé alájà méjì sápá Onípánù, ló kọ́kọ́ dìde. "Ọ̀rọ̀ yìí ò gba àròjinlẹ̀. Onípánù la ti ń wọ àdúgbò. Ilé mi lèèyàn máa kọ́kọ́ bá. Èmi ni nọ́ńbà kìíní, ẹni tó tẹ̀lé mi ni kejì. Ó parí."

Ìyá Àgbà tu obì tó wà lẹ́nu wọn sílẹ̀.

"Ta ni nọ́ńbà kìíní?"

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ tí sìmẹ́ǹtì rẹ ò tíì gbẹ? Nígbà tí mò ń lé ọ̀bọ níbí, wọ́n ti bí ẹ ni?"

"Wọ́n ti bí mi, mà, àmọ́..."

"Ṣé o ti ń rìn?"

Ẹ̀rín bú jáde. Díákónì ní òun ò rí ilé tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ fún àbíkẹ́yìn kí wọ́n tó bu ti bàbá. Bíríkìlà ní bẹ́ẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ rí, pé tí àlejò bá wá bá òun nílé, tó rí nọ́ńbà tó kéré lára ilé ọmọ àná, tó wá rí nọ́ńbà ńlá lára ilé òun, á rò pé òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti di òfin: ilé tó bá dàgbà jù ni nọ́ńbà kìíní, èyí tó tẹ̀lé e lọ́jọ́ orí ni kejì, bẹ́ẹ̀ ni títí dé orí mẹ́tàlélógójì. Ọjọ́ tí wọ́n bá kan páànù ni ọjọ́ ìbí ilé. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Kódà mo pàtẹ́wọ́! Ó bọ́gbọ́n mu lójú mi, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń lọ láti ilé dé ilé, tí mò ń béèrè ọjọ́ ìbí ilé. Kò sẹ́ni tó mọ ọdún. Ẹnì kan ní ìgbà tí ogun Jámánì ń parí lọ ni. Ẹnì kan ní, "Àkọ́bí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ eyín." Mo ní, "Bàbá, àkọ́bí yín dà?" Wọ́n pe àkọ́bí jáde, irùngbọ̀n ti kún àgbọ̀n rẹ̀. Àwọn onílé méjì kan wá kan páànù tiwọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bàbá mi ló bá wọn kàn án, ọ̀kan láàárọ̀, ìkejì lọ́sàn-án. A fún àwọn méjèèjì ní nọ́ńbà kẹjọ, a ní kí ọ̀kan máa jẹ́ Kẹjọ Táyé, kí ìkejì máa jẹ́ Kẹjọ Kẹ́hìndé. Wọ́n gbà, a rò pé ó ti tán. Àfi bí ti ọ̀sán ṣe ní, "Gbogbo ayé mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táyé níṣẹ́." Ìjà mìíràn!

Bàbá mi fi ọ̀dà gíríìnì tó ṣẹ́kù lára fèrèsé kọ nọ́ńbà sára gbogbo ilé. Tiwa jẹ́ kẹtàdínlógún. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni mo kọ ìwé sí Ìgbóbì, mo sì kọ àdírẹ́sì wa síbẹ̀ gàdàgbà gadagba: nọ́ńbà kẹtàdínlógún. Bí mo ṣe ń kọ ọ́, orí mi ń wú. Ilé wa ní nọ́ńbà!

Ọjọ́ tí onílẹ́tà kọ́kọ́ wá, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ níwájú Ìyá Àgbà, ó rí nọ́ńbà kìíní, inú rẹ̀ dùn.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Kejì ńkọ́?"

"Fọlá Àgòró."

"Fọlá Àgò... Kẹta ńkọ́, mà?"

"Yíjú padà. Òun lò ń wò yẹn."

"Kẹrin?"

"Ìyẹn súnmọ́ Onípánù. O ti kọjá rẹ̀."

Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi nu ojú. Ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ṣe nǹkan báyìí?" Gbogbo wọn sì nawọ́ sí mi pẹ̀lú ìdùnnú: "Akọ̀wé wa!"

Kò pé oṣù kan tí àgbàlagbà Ìlàjẹ kan gun òkè wá láti etí omi ní Bàrígà. Ilé pákó wọn dúró lórí òpó lójú omi, a ò sì rántí kà á rárá. Wọn ò bínú. Wọ́n kàn gbé ẹja gbígbẹ méjì kalẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà, wọ́n jókòó, wọ́n wò mí.

"Ọma mi, o ka gbogbo ilé tán?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ta ló gbé igi tí wọ́n fi kọ́ ilé Díákónì wá lójú omi?"

Díákónì wúkọ́. "Ẹ̀yin ni, bàbá."

"Níbo ni mò ń sùn nígbà náà? Nínú ẹja?"

Ojú tì wá. Wọ́n fi wọ́n sípò karùn-ún lójú ẹsẹ̀, gbogbo ẹni tó wà láti karùn-ún lọ sísàlẹ̀ sì fi ẹyọ kan sẹ́yìn. Bàbá mi gbé ọ̀dà jáde padà, wọ́n ń kùn bí oyin. Kẹtàdínlógún wa di kejìdínlógún. Èmi ni mo kọ àtúnṣe náà sínú ìwé. Èmi yìí kan náà! Kò sì sọ sí mi lọ́kàn rárá pé mo ti fún Ìgbóbì ní nọ́ńbà tí kì í ṣe tiwa mọ́.

Mo wá ń dúró. Onílẹ́tà á lu aago kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ọkàn mi á fò. Kò ní sí nǹkan kan. Ìyá mi sì ti kìlọ̀ pé n ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé mò ń retí lẹ́tà, pé ohun tí kò tíì dé ọwọ́ kì í dé ẹnu. Mo ń gbé e mì bí òkèlè gbígbóná. Nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí oṣù parí, ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ mi sínú àpótí ti Ògbómọ̀ṣọ́, wọn ò wo ojú mi.

Ní Fúráídé, mi ò lè fara dà á mọ́. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìgbóbì, mo bá ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì sọ̀rọ̀. Ó wo ìwé kan.

"Lẹ́tà ti jáde láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mọ́ńdè ni kí ẹ wá, aago mẹ́jọ. Ẹ mú lẹ́tà yín dání."

"Tí mi ò bá rí i mú dání ńkọ́?"

"Àǹtí, èèyàn méjìlá ló ti wá sọ fún mi pé nọ́ọ̀sì làwọn. Lẹ́tà ni mo mọ̀."

Mo kúrò níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n da omi sí lára. Mo dé ibi tí wọ́n ti ń ta ọsàn ní Onípánù kí ó tó sọ sí mi lọ́kàn gbàù: kẹtàdínlógún! Mo fọwọ́ lé orí, mo pariwo níbẹ̀. Ọlọ́sàn ní, "Kí ló gé ẹ jẹ?" Mo ní, "Nọ́ńbà!" Mo sáré.

Bíríkìlà ará Ìsẹ́yìn ló ń jẹ́ kẹtàdínlógún báyìí. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń wẹ ẹsẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé onílẹ́tà gbé lẹ́tà kan wá fún yín?"

Ojú wọn yí padà. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́!"

"Rọra sọ̀rọ̀. Lẹ́tà aláwọ̀ ilẹ̀. Wọ́n tẹ adé sí i lórí." Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Ti ìjọba ni. Mo gbà pé ilé wa ni wọ́n fẹ́ wó. Ẹrù rẹ̀ ju ọwọ́ mi lọ. Mo gbé e fún ẹni tó ṣíwájú mi."

Ṣé ẹ ń gbọ́? Wọ́n gbé e fún kẹrìndínlógún! Ìyá oníkẹrosíìnì nìyẹn, opó kan lọ́nà Fọlá Àgòró. Mo sáré débẹ̀. Ìyẹn náà ní ta ni òun, òun obìnrin kan ṣoṣo, tí òun máa jókòó ti ọ̀rọ̀ ìjọba nígbà tí àgbà wà níwájú? Wọ́n gbé e fún kẹẹ̀ẹ́dógún. Bí lẹ́tà mi ṣe ń gun òkè nìyẹn, láti ọwọ́ àbúrò dé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n, gbogbo wọn sì búra pé ilé tó kéré lọ́jọ́ orí sí kẹtàdínlógún ò gbọdọ̀ gbọ́, kí ẹ̀rù má ba àwọn ọmọdé. Bàbá mi tó jẹ́ kejìdínlógún, tí irun orí wọn ti funfun, wà lára àwọn ọmọdé!

Sátidé ni mo fi tẹ̀lé e. Mi ò ní fi gbogbo ilé dá yín lágara. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ti Díákónì, nọ́ńbà kejìlá, tó fi lẹ́tà náà sínú Bíbélì ńlá fún ọjọ́ mẹ́ta. "Mo rí orúkọ lára rẹ̀," wọ́n ní, "orúkọ òyìnbó obìnrin. Ó ní láti jẹ́ pé òun ló kọ ọ́ sí wa. Mo ti ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run rọ ọkàn rẹ̀." Orúkọ ìrìbọmi mi ni! Ilé ìwé nìkan ni wọ́n ti ń pè é. Ládùúgbò, Akọ̀wé ni mí, àbí Ọmọ Káfíńtà, tàbí "ìwọ yẹn". Mo la ẹnu láti sọ fún wọn, mo rántí ìkìlọ̀ ìyá mi, mo pa á dé. Mo ní, "Ẹ ṣé, bàbá, ẹ máa bá a gbàdúrà lọ."

Láàárín Táyé àti Kẹ́hìndé, tí wọ́n ti di kẹsàn-án, lẹ́tà náà fi ọjọ́ méjì dúró lórí àga kan níta, torí pé wọn ò fẹnu kò lórí ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ gbà á. Níkẹyìn àwọn méjèèjì di etí rẹ̀ mú, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n jọ gbé e lọ sí kẹjọ bí ẹni gbé àpótí. Mo tún sọ̀ kalẹ̀ dé Bàrígà. Àgbàlagbà Ìlàjẹ wà lórí pákó, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe.

"Ó sùn níbí fún ọjọ́ mẹ́rin," wọ́n ní. "Mo fi há àjà lókè ibi tá a ti ń yan ẹja, kí omi má baà kàn án. Ìjọba ò rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ rí."

"Bàbá, níbo ló wà báyìí?"

"Ó ti dé orí. Ìyá Àgbà. Èmi gan-an ń múra lọ síbẹ̀, wọ́n ní ká wá gbọ́ ọ lọ́sàn-án yìí. Bá mi gbé bàtà mi."

Mi ò gbé bàtà kankan, Ọlọ́run dárí jì mí. Mo ti sáré lọ. Láti Bàrígà dé abẹ́ igi máńgòrò, ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀. Mo bá àwọn àgbà tí wọ́n jókòó yí ká, ojú gbogbo wọn le bí ojú ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Lókè, ní fèrèsé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Bàbá Onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n jẹ́ nọ́ńbà kẹrìnlélógójì báyìí ń na ọrùn bí àkùkọ, àwọn àgbà ò pè wọ́n, wọn ò sì lè dá wá.

"Akọ̀wé ti dé!" ni Bíríkìlà wí. "Ta ló lọ pè é?"

"A ò tíì rán ẹnikẹ́ni," ni Díákónì wí. "Ẹ̀mí ló gbé e wá."

"Mà," mo ní, mò ń mí gúlegúle, "lẹ́tà yẹn dà?"

Ìyá Àgbà rọra dìde. Ó wà lábẹ́ wọn, lórí àpótí ìjókòó! Láti ọjọ́rú ni wọ́n ti jókòó lé e.

"Kí ló dé tí ẹ ò ṣí i, mà?"

"Lẹ́tà tí a ò tíì ṣí, ìjọba ò tíì sọ̀rọ̀. Tí o bá ṣí i báyìí, a ti gbọ́ nìyẹn. Ṣé ó dá yín lójú?" Wọ́n wo gbogbo wọn lójú. Ẹnì kan mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ṣí i."

Mo ṣí i. Mo ka ìlà àkọ́kọ́, mo ka ìkejì, omi bọ́ lójú mi pọ̀tọ̀.

"Ó ń sunkún!" ni ìyá oníkẹrosíìnì ké. "Ó ti tán!"

Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n dákẹ́. "Ìgbà wo ni wọ́n ní?"

"Mọ́ńdè, mà."

"Mọ́ńdè yìí?"

"Aago mẹ́jọ àárọ̀."

Bíríkìlà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Táyé di ọwọ́ Kẹ́hìndé mú, ohun tí mi ò rí rí.

"Ta ni wọ́n ní kó yọjú?" ni Ìyá Àgbà béèrè, ohùn wọn ò mì.

"Èmi ni, mà! Èmi ni! Wọ́n ti gbà mí! Mo máa di nọ́ọ̀sì!"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú u fún wọn ní Yorùbá, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sunkún, mo sọ ti nọ́ńbà kẹtàdínlógún, mo sọ ti Fúráídé, mo sọ ti àǹtí àti aṣọ wíwọ̀n, gbogbo rẹ̀ ń dà jáde. Mi ò tíì parí tí Bíríkìlà fò sókè. "Wọn ò wó ilé! Wọn ò wó ilé!" Ìyá mi tó gbọ́ ariwo sáré sọdá títì pẹ̀lú ìyẹ̀fun búrẹ́dì lọ́wọ́, wọ́n sì gbá mi mọ́ra, gbogbo ẹ̀yìn aṣọ mi funfun.

Díákónì ń mi orí. "Òyìnbó obìnrin tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta gbàdúrà fún, ìwọ ni?"

"Èmi ni, bàbá."

"Àdúrà náà ò kúkú ṣòfò."

Bàbá mi, tí wọ́n tẹ̀lé ìyá mi sọdá, ló wá sọ ohun tó wà lọ́kàn gbogbo èèyàn. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin àgbà, ọmọ mi ìbá ti pàdánù ayé rẹ̀. Ṣé a ò ní tún nọ́ńbà yìí tò báyìí, kó tẹ̀ léra bíi ti àwọn ará Yábàá?" Bàbá Onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì gbọ́, wọ́n fẹ́ẹ̀ jábọ́ láti fèrèsé.

Ìyá Àgbà wo bàbá mi. "Ṣé lẹ́tà náà sọ nù?"

"Rárá, mà."

"Ṣé ó fàya?"

"Rárá, mà."

"Ó lọ kí àwọn àgbà ni. Ọmọ tó ń lọ sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ìbá ti wá kí wa fúnra rẹ̀ ná. Lẹ́tà rẹ̀ gbọ́n jù ú lọ."

Mo dọ̀bálẹ̀ dípò kí n kúnlẹ̀, àyọ̀ ti pa mí níyè. Wọ́n fi ẹ̀rín pa mí.

Mọ́ńdè dé. Mo wọ aṣọ tí ìyá mi tú jáde láti inú àpótí Ògbómọ̀ṣọ́. Mi ò dá nìkan lọ. Bí mo ṣe jáde ni mo bá wọn lójú títì, Ìyá Àgbà níwájú pẹ̀lú ọ̀pá, àgbàlagbà Ìlàjẹ lẹ́yìn wọn, Táyé àti Kẹ́hìndé ń ti ara wọn, Díákónì, ìyá oníkẹrosíìnì, Bíríkìlà, bàbá mi lẹ́yìn Bíríkìlà, olúkúlùkù ní ipò rẹ̀. Bàbá Onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló gbẹ̀yìn, wọ́n wọ bàtà aláwọ̀ méjì. A kọjá ní Onípánù báyẹn, àwọn èèyàn ń béèrè pé ta ló kú. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì rí wa, ó gba lẹ́tà mi, ó ní, "Gbogbo wọn fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì ni?"

Èmi nìkan ló wọlé. Mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, jókòó sẹ́yìn tábìlì, wọ́n gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n wo ìka sìmẹ́ǹtì lára rẹ̀. Wọ́n wo etí rẹ̀ méjèèjì tó ti rọ. Wọ́n gbé e súnmọ́ imú, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n tún gbé e súnmọ́.

"Ẹja nìyí," wọ́n ní. "Àti kẹrosíìnì. Níbo ni lẹ́tà yìí ti ń bọ̀?"

"Ilé, mà."

Wọ́n mú gègé. "Àdírẹ́sì yín ṣì ni kẹtàdínlógún?"

"Rárá, mà. Kejìdínlógún."

"Ìyẹn ni ilé tó tẹ̀lé kẹtàdínlógún."

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ara tù mí. Mi ò lè ṣe é. Mo ní, "Rárá, mà. Ó wà láàárín kẹta àti ogójì." Wọ́n gbé gègé kalẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti àga, wọ́n ní kí n fa àga kan kí n jókòó, kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.